Ọmọ Ló Ti Ilẹ̀kùn, Ọmọ Ló Ṣí I: Bí Àwọn Ẹbí Wa Ṣe Wá Ilé Gbé ní Lọ́ńdọ̀nù

Olọ́mọ ló layé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wa máa ń wí. Ṣùgbọ́n àkókò kan wà ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù tí ó jẹ́ pé olọ́mọ gan-an ni kì í rí ilé gbé. Bí a bá ń sọ ìtàn àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n lọ sí Ìlú Ọba lẹ́yìn ogun Hitler, ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara ni ó máa ń gba ẹnu wa kan. A ti gbọ́ nípa àwọn káàdì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fèrèsé pé àwọn kò gba ènìyàn dúdú. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Àmọ́ gbólóhùn mìíràn wà lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn káàdì wọ̀nyí tí a kì í sábà rántí: àwọn kò gba ọmọdé.

Gbólóhùn kejì yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí pé òun ni ó tú ọ̀pọ̀ ẹbí wa ká ní ilẹ̀ àjèjì. Òun náà ni ó sì tún yí padà, lọ́nà tí ọ̀pọ̀ kò rò, tí ó di ẹ̀tọ́ tí ẹbí fi ń rí ilé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń múra àtilọ sí òkè òkun, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ọmọ níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a jọ tọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ilé Tí Ó Wà fún Ẹni Tí Ó Dá Wá

Wàhálà ilé ti wà nílẹ̀ kí ogun tó dé. Àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n lọ kọ́ òfin àti ìmọ̀ ìṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń rìn láti ojúlé kan dé èkejì, tí onílé yóò sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lójú. Ní ọdún 1925, Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tí ń kọ́ iṣẹ́ lọ́yà, àti Dókítà Herbert Bankole-Bright, ọmọ Sierra Leone, dá Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí WASU. Ṣólàńkẹ́ rí i pé bí ẹgbẹ́ kò bá ní ilé tirẹ̀, ìtìjú kò ní kúrò lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Láti 1929 títí di 1932 ó ń rìn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó ń bá àwọn ọba, ìjòyè àti àwọn oníṣòwò sọ̀rọ̀, ó sì ń kó owó jọ. Ní 1933 WASU ṣí ilé tirẹ̀ ní Camden Road. Ìyàwó Ṣólàńkẹ́, Ọpẹ́olú, ni ó jẹ́ ìyá ilé náà.

Iṣẹ́ ńlá ni ilé náà ṣe, kò sì yẹ kí a gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ẹni tí ó dá wá ni irú ilé bẹ́ẹ̀ wà fún. Yàrá tí ó gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan àti ìwé rẹ̀ kò lè gba baba, ìyá àti ọmọ mẹ́ta. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí mú ìyàwó wá, tí wọ́n sì ń bímọ síbẹ̀, ọ̀ràn tuntun dé.

Ogun Wó Ilé, Àlejò sì Dé

Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1940 títí di oṣù karùn-ún ọdún 1941 ni ọkọ̀ òfuurufú àwọn ará Jámánì ń rọ̀jò bọ́ǹbù lé Lọ́ńdọ̀nù lórí, ọ̀wọ́ bọ́ǹbù mìíràn sì tún dé ní 1944. Ilé tí ó wó kò lóǹkà. Nígbà tí ogun parí, àwọn sójà padà wálé, wọ́n gbéyàwó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí bímọ, kò sì sí ilé tí ó tó. Àwọn òyìnbó fúnra wọn ń kọ orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, èyí tí àwọn ènìyàn wa níbẹ̀ ń pè ní káńsù, wọ́n sì ń dúró de ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Inú àìtó yìí ni àwọn ènìyàn wa wọ̀. Òfin ìjẹ́-ọmọ-ìlú ti 1948 fún ẹni tí ó wá láti ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní àǹfààní láti wọ Ìlú Ọba kí ó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ti Nàìjíríà lọ kò ní i lọ́kàn láti pẹ́. Ìwé ni wọ́n bá lọ: lọ́yà, ìṣirò owó, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án tí ó ń kàwé lálẹ́, ọdún mẹ́ta rẹ̀ a máa di mẹ́fà, a máa di mẹ́jọ. Ìyàwó kò lè dúró nílé fún gbogbo àkókò yẹn. Ó bá ọkọ rẹ̀ lọ, òun náà wá iṣẹ́, ọmọ sì dé.

Ẹni tí ó jẹ́ àlejò kò lè tètè rí ilé káńsù, nítorí pé ọ̀pọ̀ káńsù ní kí ènìyàn kọ́kọ́ gbé ládùúgbò fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó gba orúkọ rẹ̀. Yàrá lọ́dọ̀ onílé aládàáni ni ó kù. Ilé àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ilé alájà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n kọ́ nígbà ayé Ọbabìnrin Victoria fún ìdílé olówó kan ṣoṣo. Àwọn onílé ti wá pín in sí yàrá-yàrá, ìdílé kan sí yàrá kan. Ní Islington, ní Camden, ní Notting Hill, ní Brixton, báyìí ni ó rí. Sítóòfù lè wà lórí àtẹ̀gùn tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò. Ilé ìgbẹ́ kan ni fún gbogbo àjà. Gáàsì kì í jó títí ènìyàn yóò fi ju ṣílè sínú ẹ̀rọ rẹ̀. Bí òtútù bá dé, ẹ̀rọ kẹrosíìnì ni wọ́n ń tàn, iwájú rẹ̀ ni wọ́n sì ń sá aṣọ ìdọ̀tí ọmọ sí kí ó lè gbẹ. Ẹ ro ewu iná tí ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn.

Ìdí Tí Onílé Fi Ń Kọ Ọmọdé

A kò ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe gbogbo onílé tí ó kọ ọmọdé ni ó jẹ́ ìkà. Pákó ni ilẹ̀ àwọn ilé náà, ẹsẹ̀ ọmọ tí ń sáré lókè a máa dún bí ìlù létí ẹni tí ó wà nísàlẹ̀. Ayálégbé tí ń ṣiṣẹ́ òru fẹ́ sùn lọ́sàn-án. Kẹ̀kẹ́ ọmọ a máa dí ọ̀nà àbáwọlé. Omi gbígbóná tí ìyá ọmọ ń lò ju ti àpọ́n lọ fíìfíì.

Ṣùgbọ́n ìdí kan wà tí ó jinlẹ̀ ju ariwo lọ: ó rọrùn láti lé àpọ́n jáde ju kí á lé ẹbí lọ. Òfin iye owó ilé ti 1957 yọ ọwọ́ ìjọba kúrò lórí owó ọ̀pọ̀ ilé. Bí ayálégbé àtijọ́ bá ti jáde, onílé lè gba iye tí ó bá wù ú lọ́wọ́ ẹni tuntun. Láti ìgbà náà, àtijáde ayálégbé di èrè fún àwọn onílé kan. Peter Rachman, onílé kan ní agbègbè Notting Hill tí ó kú ní 1962, ni orúkọ rẹ̀ di òwe nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì fún irú ìwà yìí. Ó ń gba àwọn aláwọ̀ dúdú tí ẹlòmíràn kọ̀, ó sì ń gba owó gọbọi lọ́wọ́ wọn.

Ìjọba ṣe òfin tuntun ní 1965, pé kí a yan iye owó ilé tí ó tọ́, kí a má sì lé ayálégbé bí ajá. Ṣùgbọ́n yàrá tí onílé bá ti kó bẹ́ẹ̀dì, tábìlì àti àga sí kò sí lábẹ́ ààbò òfin náà bí ó ti yẹ. Irú yàrá bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń gbé, nítorí pé wọn kò gbé àga lọ láti ilé. Bẹ́ẹ̀dì ògbólógbòó kan àti tábìlì elẹ́sẹ̀ mẹ́ta lè gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ìdílé. Ọdún 1974 ni òfin tó na ààbò náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń gbé irú yàrá yìí, bí onílé kò bá ti sí nínú ilé kan náà.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ńkọ́? Òfin àkọ́kọ́ lórí ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà, ti 1965, sọ̀rọ̀ nípa hòtẹ́ẹ̀lì, ilé oúnjẹ àti ọkọ̀ èrò, kò kan onílé tí ó bá kọ̀ láti gba ènìyàn dúdú sí yàrá. Ti 1968 ni ó kan ilé gbígbé, bí ó tilẹ̀ dá onílé tí ń bá àwọn ayálégbé díẹ̀ gbé pọ̀ nínú ilé kékeré sí. Láti ìgbà náà ni káàdì tí ó ní òun kò gba ènìyàn dúdú ti di ohun tí òfin lòdì sí. Àmọ́ ẹ kíyè sí i: kò sí ohun tí òfin náà sọ nípa ọmọdé. Onílé tí kò lè sọ mọ́ pé "ìwọ jẹ́ dúdú" ṣì lè sọ pé "ìwọ ní ọmọ." Ìlẹ̀kùn kan náà ni, kọ́kọ́rọ́ nìkan ni ó yí padà.

Ọmọ Lọ Sọ́dọ̀ Alágbàtọ́

Kí ni ìyá àti baba yóò ṣe? Láti àárín àwọn ọdún 1950 ni àwọn òbí láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń fi ìpolówó sínú ìwé ìròyìn Nursery World, pé àwọn ń wá ẹni tí yóò bá àwọn tọ́jú ọmọ. Àwọn obìnrin òyìnbó ní Kent, Essex, Sussex àti ibòmíràn dá wọn lóhùn. Wọ́n ń gba owó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ wọn, òbí sì ń lọ wò ó nígbà tí ààyè bá ṣí sílẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni ó gba ọ̀nà yìí kọjá. Kì í ṣe ọ̀ràn ilé nìkan ni ó fà á, iṣẹ́ àti ìwé náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí onílé bá ti sọ pé kí ọmọ jáde tàbí kí gbogbo yín jáde, kí ni ó tún kù?

Ọ̀mọ̀wé Esther Goody, tí ó ṣe ìwádìí nípa àwọn ẹbí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣàlàyé ohun kan tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn. Lójú àwọn òbí wa, kì í ṣe pé wọ́n kọ ọmọ sílẹ̀. Nílé wa, fífi ọmọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n tàbí olùkọ́ jẹ́ ọ̀nà ẹ̀kọ́, alágbàtọ́ sì mọ̀ pé ọmọ olómìíràn ni. Àṣà yìí ni wọ́n gbé lọ. Ṣùgbọ́n àṣà ilẹ̀ yẹn yàtọ̀. Àwọn alágbàtọ́ òyìnbó kan ka ọmọ náà sí tiwọn, pàápàá bí òbí kò bá wá déédéé, nígbà tí òbí bá sì dé láti gbé ọmọ rẹ̀ lọ, ìjà bẹ́ sílẹ̀, àwọn kan tilẹ̀ dé ilé ẹjọ́.

Àwọn ọmọ náà ńkọ́? Òmíràn rí ìfẹ́ tòótọ́, a kò gbọdọ̀ sẹ́ oore. Òmíràn rí ìyà. Òṣèré Adewale Akinnuoye-Agbaje, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, ni wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1967. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni nígbà tí wọ́n gbé e fún ìdílé òyìnbó kan ní Tilbury. Ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí nínú fíìmù rẹ̀, Farming, tí ó jáde ní 2018. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò gbọ́ èdè òbí wọn mọ́. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọ Mùsùlùmí ni, ta ni yóò pè é sí ìrun ní abúlé Kent? Ta ni yóò mọ̀ pé ẹran kan wà tí kò gbọdọ̀ jẹ? Nígbà tí onílé kọ ọmọ náà sí yàrá, kò mọ̀ pé òun ń já ìtàn ìdílé kan láàárín.

Ohun Tí Àwọn Ènìyàn Fi Ọwọ́ Ara Wọn Ṣe

Àwọn kan kò gbà. Wọ́n dá èsúsú, bí wọ́n ti ń ṣe nílé. Àwọn ará Trinidad náà ní tiwọn, sùsú ni wọ́n ń pè é, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé ọ̀rọ̀ Yorùbá wa ni ó ti wá. Ẹni tí owó bá kàn yóò fi san àsansílẹ̀ ilé, yóò sì gba àwọn ará rẹ̀ tí kò rí yàrá sínú rẹ̀. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ olọ́mọ kọ́kọ́ fi rí ibi forí pamọ́ sí.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé onílé dúdú kì í kọ ọmọdé. Buchi Emecheta, òǹkọ̀wé ọmọ Ígbò tí wọ́n bí ní Èkó ní 1944, dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1962 pẹ̀lú ọmọ kéékèèké. Ó fi ohun tí ojú rẹ̀ rí kọ ìwé ìtàn àròsọ Second Class Citizen, tí ó jáde ní 1974. Nínú ìwé náà, Adah kò fẹ́ gbé àwọn ọmọ rẹ̀ fún alágbàtọ́, àwọn ará Nàìjíríà tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan náà sì bínú sí i nítorí rẹ̀, títí wọ́n fi ní kí òun àti ọkọ rẹ̀ kó jáde. Ohun tí ó dùn wá jù lọ nínú ìtàn yìí nìyẹn. Àwọn ènìyàn tí ó mọ iyì ọmọ nílé ni ó ń sọ fún ìyá pé kí ó gbé ọmọ rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Nígbà tí ìnira bá pẹ́ lára ènìyàn, a máa kọ́ ọ ní ìwà ẹni tí ó ni í lára.

Láti 1966 sí 1977: Ìlẹ̀kùn Yí Padà

Àwọn òyìnbó tí kò lówó lọ́wọ́ náà wà nínú ìyà yìí. Lábẹ́ òfin 1948, bí ẹbí kò bá nílé, ìjọba lè gba ìyá àti ọmọ sí ilé ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀ wọn kì í gba baba. Bí àkókò bá sì pé tí wọn kò rí ilé, wọ́n lè gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá. Ní ilé irú bẹ́ẹ̀ kan tí ó ń jẹ́ King Hill, ní Kent, àwọn ọkọ kọ̀ jálẹ̀ ní 1965 pé àwọn kò ní fi ìyàwó àti ọmọ àwọn sílẹ̀. Wọ́n wọlé tì wọ́n. Àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n ní 1966 ìlànà náà yí padà.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 1966, tẹlifíṣàn BBC gbé eré kan jáde tí ó ń jẹ́ Cathy Come Home. Jeremy Sandford ni ó kọ ọ́, Ken Loach ni olùdarí rẹ̀. Ìtàn ọkọ àti ìyàwó òyìnbó ni, tí wọ́n pàdánù ilé, tí wọ́n ń ti ibi burúkú bọ́ sí èyí tí ó burú jù, títí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi já ọmọ gbà lọ́wọ́ ìyá. Orílẹ̀-èdè náà mì tìtì. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejìlá ọdún náà, ẹgbẹ́ Shelter bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti gbèjà àwọn tí kò nílé.

Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi jà. Ní 1977, Stephen Ross, aṣòfin ẹgbẹ́ Liberal, gbé òfin kan kalẹ̀ lórí àwọn tí kò nílé, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Òfin náà ka àwọn tí káńsù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ràn lọ́wọ́: ẹni tí ó ní ọmọ kékeré, aláboyún, arúgbó, aláìlera, àti ẹni tí iná tàbí omi lé jáde nílé. Bí kì í bá ṣe ẹ̀bi ẹni náà ni ó fi pàdánù ilé, káńsù gbọ́dọ̀ wá ilé fún un, kí òun àti ẹbí rẹ̀ sì jọ gbé pọ̀.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí. Ọmọ tí ó ti ilẹ̀kùn onílé ni ó wá ṣí ilẹ̀kùn káńsù. Ohun tí wọ́n kà sí ẹrù fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ di ẹ̀rí pé ẹbí yẹ ní ẹni tí a ń ràn lọ́wọ́.

Ìtura náà kò pé tán. Láti 1980 ni ìjọba ti fún àwọn tí ń gbé ilé káńsù ní ẹ̀tọ́ láti rà á, ilé tí ó kù lọ́wọ́ káńsù sì dínkù. Láàárín àwọn ọdún 1980, ọ̀pọ̀ ẹbí tí káńsù gbà ni wọ́n kó sí yàrá hòtẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, ìyá, baba àti ọmọ. Òfin 1996 sì yọ ọ̀pọ̀ àlejò láti òkè òkun kúrò nínú ìrànwọ́ yìí, gẹ́gẹ́ bí irú ìwé ìgbélùú tí wọ́n ní. Ní ti onílé aládàáni tí ó bá sọ pé òun kò fẹ́ ọmọdé, oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni òfin tuntun tó jáde fún ilẹ̀ England, tí ó sọ ọ́ di èèwọ̀ láti kọ ayálégbé nítorí pé ó ní ọmọ. Láti 1968 tí òfin ti kọ káàdì "a kò gba ènìyàn dúdú" títí di 2025, ọdún 57 ni.

Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Mú Dání

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni a rí. Èkíní, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n tọ́ dàgbà lọ́dọ̀ alágbàtọ́, tàbí tí ẹ mọ irú wọn, ẹ má ṣe yára dá àwọn òbí lẹ́bi. Ẹ kọ́kọ́ béèrè irú yàrá tí wọ́n gbé, àti ohun tí onílé sọ fún wọn.

Èkejì, ẹni tí ó ń kó ọmọ lọ sí Ìlú Ọba lónìí, kí ó wádìí ọ̀rọ̀ ilé kí ó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, kí ó sì mọ ohun tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ gbà á láàyè. Bí ó bá sì di dandan pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 gbé lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ìbátan tímọ́tímọ́ fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfin níbẹ̀ ní kí a sọ fún káńsù. Ààbò ọmọ ni ìyẹn.

Ẹ̀kẹta kan àwa tí a wà nílé. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Ìlọrin, kí ni onílé máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó wá yàrá? "Ọmọ mélòó lẹ ní?" Bí a bá dáhùn pé mẹ́rin, ojú onílé yóò yí padà. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n bi àwọn ènìyàn wa ní Islington ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Òyìnbó ti fi òfin dáhùn tiwọn, bí ó tilẹ̀ pẹ́. Àwa kò nílò kí a dúró de òfin kí a tó gba olọ́mọ sílé. Ẹni tí Ọlọ́hun bá fún ní ilé, kí ó rántí pé ilé tí a kò ti gbọ́ ohùn ọmọdé, ògiri lásán ni.